Ìnàkí àti Ìyá Rẹ̀

Bí a bá fẹ́ bú ẹni tí kò gbọ́n, ọ̀bọ ni a máa ń pè é. Ẹni tí ó bá ti rí ìnàkí níbi tí ó ti ń pa èkùrọ́ yóò ṣọ́ra fún irú èébú bẹ́ẹ̀. Ìnàkí tí mo ń wí ni èyí tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní chimpanzee. Kò ní ìrù bí ti ọ̀bọ. Ní Bossou, ní ilẹ̀ Guinea, níbi tí àwọn onímọ̀ ilẹ̀ Japan ti bẹ̀rẹ̀ ìwádìí ní ọdún 1976, ìnàkí a máa gbé èkùrọ́ lé orí òkúta kan, a sì fi òmíràn fọ́ ọ, bí àwọn ìyá àgbà wa ti ń ṣe gẹ́lẹ́. A kò bí ọgbọ́n yìí mọ́ ọn. Ọmọ a jókòó ti ìyá rẹ̀, a máa wò ó, a máa gbìyànjú lásán; ó máa ń tó ọdún 3 sí 5 kí ó tó mọ̀ ọ́n ṣe.

Ní ìpínlẹ̀ Ògùn kan náà tí Mowe, Ibafo àti Ifọ̀ wà, igbó ọba Omo jẹ́ ọ̀kan nínú igbó díẹ̀ tí ìnàkí kù sí ní ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn agégẹdú àti olóko kòkó ń jẹ igbó náà run. Ọdẹ kò sì sinmi. Ọdẹ tí ó bá fẹ́ mú ọmọ ìnàkí láàyè yóò kọ́kọ́ yìnbọn pa ìyá, nítorí ìyá kò ní jọ̀wọ́ ọmọ.

Ọmọ tí a so mọ́ àgbàlá ń jẹ búrẹ́dì, ó ń pa àlejò lẹ́rìn-ín. Ṣùgbọ́n bí a bá dá a padà sínú igbó, ta ni yóò fi èso tí ó ṣe é jẹ hàn án? Ta ni yóò kọ́ ọ bí a ti ń fi ewé tẹ́ ibùsùn sórí igi lálaalẹ́? Irú ọmọ òrukàn bẹ́ẹ̀ ni ẹgbẹ́ Pandrillus ń tọ́jú ní Afi, ìpínlẹ̀ Cross River, nínú igbó tí a fi wáyà oníná yí ká.