Ìrun Ń Bọ́ Mọ́ Mi Lọ́wọ́ Nídìí Epo

Abiyamọ ọlọ́mọ mẹ́ta kan ló kọ̀wé láti Sakété. Epo pupa ló ń ṣe, ó sì ń gbé e lọ tà ní Pobè. Lẹ́tà rẹ̀ kò gùn: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀wọ́, ẹ gbà mí. Àsùbáà nìkan ni mò ń rí kí lásìkò. Tí wọ́n bá pe Àílà, ẹyìn wà lórí iná, epo ti dé ìgúnpá mi, aṣọ mi ò ṣeé wò. Tó bá wá di alẹ́, màá ní kí n kó ìrun mẹ́rin kí pọ̀, oorun á gbé mi lọ lórí ẹní. Ọkọ mi ní mi ò ka ẹ̀sìn sí. Ṣé òótọ́ ló sọ?”

Rárá o. Ẹni tí kò ka ẹ̀sìn sí kì í jókòó kọ lẹ́tà nítorí ìrun tó bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́.

Gbogbo ẹni tó bá gbé agbègbè yìí mọ ohun tí ọ̀pẹ ń gbà lára ènìyàn. Pobè níbí ni àwọn Faransé dá ibùdó ìwádìí ọ̀pẹ sílẹ̀ sí ní 1922, ṣùgbọ́n títí dòní, ọwọ́ obìnrin ni púpọ̀ nínú epo tí à ń jẹ ń gbà kọjá. Wọ́n á já ẹyìn kúrò lára ìdì, wọ́n á sè é, wọ́n á gún un, wọ́n á fi omi fọ̀ ọ́ kí epo lè léfòó, wọ́n á kó epo náà, wọ́n á tún gbé e kaná kí omi inú rẹ̀ lè gbẹ. Iṣẹ́ ńlá ni. Síbẹ̀, ìdúró pọ̀ nínú rẹ̀. Ẹyìn tó ti wà lórí iná kò bèèrè ọwọ́ mọ́. Igi ló ń bèèrè. Nínú ìdúró yẹn gan-an ni Àílà ìyá yìí wà.

Àílà kì í ṣe ìṣẹ́jú kan ṣoṣo. Ní Sakété, oòrùn máa ń yẹ̀ kúrò ní àtàrí láàárín nǹkan bí aago 12:30 sí aago 1 ó lé díẹ̀, bí oṣù bá ṣe rí. Alásàrì kì í wọlé títí di nǹkan bí aago 4. Wákàtí mẹ́ta ó lé nìyẹn, rákáà mẹ́rin kì í sì í gbà ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ, kódà lọ́wọ́ ẹni tí kò kánjú. Ọlọ́run tún ṣe wá lóore kan tí a kì í sábà rántí. Ẹni tó ń gbé Lọ́ńdọ̀nù, oòrùn rẹ̀ máa ń wọ̀ kí aago 4 tó lù ní oṣù Kejìlá, ó sì máa ń kọjá aago 9 alẹ́ ní oṣù Kẹfà. Tiwa níbí kì í fi wákàtí kan yẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ ọdún dé òpin.

Nítorí náà, kí ìyá yìí so Àílà mọ́ ìkòkò ẹyìn. Tó bá ti ki igi ńlá bọ iná, kó mú búútà.

Ti aṣọ ńkọ́? Epo pupa kì í ṣe nájísì. Ohun tó yẹ kó ṣọ́ra fún ni pé epo tó bá ki lára kì í jẹ́ kí omi àlùwàlá kan awọ. Ọṣẹ àti omi gbígbóná ló máa yanjú ìyẹn, omi gbígbóná kò sì lè wọ́n níbi tí iná ti ń jó láti àárọ̀. Kó di ìró kan, bùbá kan àti ìbòrí pọ̀ sínú ọ̀rá, kó fi kọ́ sórí igi níbi tí èéfín ò ti ní dé ọ̀dọ̀ wọn. Kó pọn omi sínú búútà láàárọ̀, kí ọwọ́ rẹ̀ tó kan epo. Èyí tó ti já sẹ́yìn, kó lọ bá àáfà rẹ̀, kí wọ́n jọ ṣètò bí yóò ṣe máa san án díẹ̀díẹ̀, kó yé fi gbogbo rẹ̀ pa ara rẹ̀ lálaalẹ́.

Ìrun ní àsìkò. Àdúrà ẹnu kò ní. Ọ̀rọ̀ náà, àdúrà, láti inú èdè Lárúbáwá ló ti wọ èdè wa, Krístẹ́nì àti Mùsùlùmí sì jọ ń lò ó láì bá ara wọn jà sí i. A sì lè gbà á lẹ́nu iṣẹ́. Ní oṣù Karùn-ún 1947, oníṣòwò igi kan láti Àjàṣẹ́, Samuel Bilehou Joseph Oshoffa, wọ igbó lọ wá igi tí yóò tà. Àwọn ọmọ ìjọ rẹ̀ sọ pé inú àdúrà ni ìpè ti bá a nínú igbó yẹn, lẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó di ọjọ́ 29 oṣù Kẹsàn-án ọdún náà, Ìjọ Mímọ́ ti Krístì láti Ọ̀run Wá bẹ̀rẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Ẹni tó ń gún ẹyìn náà lè máa pe Ọlọ́run bó ti ń gbé ọmọ odó sókè. Ṣùgbọ́n èyí kò dípò ìrun, kí ó má fi ìkan san ìkejì.

Mọ̀gàríbì wá ńkọ́? Àsìkò rẹ̀ kò gùn, ìgbà yẹn gan-an sì ni ebi ń pa àwọn ọmọ, tí bàbá náà ń retí oúnjẹ. Níbí, ọ̀rọ̀ náà kì í ṣe ti ìyàwó nìkan mọ́. Nígbà tí wọ́n bi Àíṣà, ìyàwó Ànábì, léèrè ohun tí ọkọ rẹ̀ máa ń ṣe nínú ilé, ó ní ó máa ń bá àwọn ará ilé rẹ̀ ṣiṣẹ́, tí àsìkò ìrun bá sì tó, á jáde lọ kírun. Ó wà nínú àkójọ hàdíìsì ti Bùhárì. Ọkọ tó ń bú ìyàwó rẹ̀ nítorí ìrun, tí kò sì gba ọmọ lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tí wọ́n ń pe ìrun, ó ní ẹjọ́ tirẹ̀ láti rò.

Ẹ̀yin bàbá tó ń ka ojú ìwé yìí ní Pobè àti Sakété, ẹ jọ̀ọ́, lọ́la, kí ẹ tó jáde lọ kí Àsùbáà, ẹ pọn omi sínú búútà ìyàwó yín.