Rọ́bà Gáàsì: Bí Ó Ti Ń Gbó àti Bí A Ti Ń Tọ́jú Rẹ̀

Ní Ọjà'ba, Bẹẹrẹ, Mápó àti Bẹyẹrunka, òrùlé ilé kan fẹ́rẹ̀ẹ́ fara kan ti èkejì. Iná tí ó bá sọ ní irú àdúgbò báyìí kì í ṣe wàhálà onílé kan ṣoṣo, nítorí ọ̀nà tóóró tí ó gba àárín agbo-ilé kọjá lè máà gba ọkọ̀ panápaná. Nítorí náà ni ó fi yẹ kí tọmọdé tàgbà mọ ìtọ́jú rọ́bà gáàsì.

Igi, èédú àti kẹrosíìnì ni ọ̀pọ̀ ìdílé fi ń dáná tẹ́lẹ̀. Láti ọdún 2007, nígbà tí ilé-iṣẹ́ NLNG bẹ̀rẹ̀ sí kó gáàsì ìdáná wá sí ọjà orílẹ̀-èdè yìí, àwọn tí ń lò ó ti pọ̀ sí i. Gáàsì yìí wà nínú sílíńdà irin bí omi, agbára rẹ̀ sì pọ̀. Rẹgulétọ̀ tí a dé mọ́ ẹnu sílíńdà ni ó ń dín agbára náà kù. Rọ́bà ni ó sì ń gbé gáàsì lọ sí ìdáná. Irin ni sílíńdà, irin ni ìdáná, ṣùgbọ́n rọ́bà ni ó so méjèèjì pọ̀. Àwọn àgbà a máa sọ pé ọ̀nà ọ̀fun, ọ̀nà ọ̀run. Bí ọ̀fun ti rí sí ara ni rọ́bà yìí rí sí ìdáná.

Rọ́bà a máa gbó bí a kò tilẹ̀ lò ó púpọ̀. Àwọn tí ń ṣe é a máa po èròjà tí ń mú un rọ̀ mọ́ ọn. Ooru iná, ìtànṣán oòrùn àti gáàsì tí ń gba inú rẹ̀ kọjá a máa fa èròjà náà jáde díẹ̀díẹ̀, rọ́bà a sì le. Bí a bá wá tẹ rọ́bà tí ó ti le, yóò sán. Òróró àkàrà tí ó ta sí i lára a máa ba òmíràn jẹ́, eku náà a sì máa gé e jẹ. Ibi tí ó sábà máa ń kọ́kọ́ bàjẹ́ ni ìkángun rẹ̀ méjèèjì, níbi tí kílíìpù irin ti fún un mọ́ ẹnu rẹgulétọ̀ àti ẹnu ìdáná. Ẹni tí ó fi aṣọ wé rọ́bà nítorí kí ó lè pẹ́ kò ṣe é lóore: aṣọ náà ni yóò bo ojú ibi tí ó sán.

Láti yẹ̀ ẹ́ wò, kí a kọ́kọ́ pa gbogbo iná tí ó wà nítòsí. Kí a ti ìdáná, kí a ṣí sílíńdà, kí a wá fi omi ọṣẹ pa rọ́bà láti ìkángun kan dé èkejì. Níbi tí ọṣẹ bá ti ń hó, gáàsì ń jò níbẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ìṣáná wá ibi tí gáàsì ti ń jò. Rọ́bà tí ó bá sán, tí ó wú tàbí tí ó ń jò, kí a pààrọ̀ rẹ̀. Kí a má ṣe fi téèpù tàbí tíúbù táyà dì í.

Ojú nìkan kò tó láti fi mọ ọjọ́ orí rọ́bà. Kí a wo ọdún tí a tẹ̀ sí i lára kí a tó rà á, nítorí a máa gbó nínú ìsọ̀ pẹ̀lú. Nígbà tí iye ọdún tí olùṣe rẹ̀ dá fún un bá pé, kí a pààrọ̀ rẹ̀, bí ó tilẹ̀ ń dán. Kí rọ́bà má gùn jù, kí ó má lọ́, kí ó má sì gba ẹ̀yìn ìdáná kọjá. Bí a bá se oúnjẹ tán, kí a ti sílíńdà ṣáájú, kí iná fúnra rẹ̀ kú, kí a tó ti ìdáná. Báyìí ni gáàsì kò ní kù nínú rọ́bà di òwúrọ̀.

Gáàsì ìdáná wúwo ju afẹ́fẹ́ lọ. Bí ó bá jò, ilẹ̀ ọ̀dẹ̀dẹ̀ ni yóò máa rá lọ títí yóò fi bá iná pàdé ní yàrá mìíràn. Nítorí èyí ni a fi òórùn burúkú kún un, kí imú lè tètè gbọ́. Bí òórùn náà bá gba ilé kan, kí a ti sílíńdà, kí a ṣí ilẹ̀kùn àti fèrèsé, kí a má sì fọwọ́ kan ibi tí a ti ń tan iná mànàmáná. Kí gbogbo ènìyàn jáde. Lóde ni kí a ti pe 112 lórí tẹlifóònù.

Owó rọ́bà titun kò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ agbo-ilé tí baba ńlá ẹni kọ́. A kì í fi iná sórí òrùlé sùn. Kí olúkúlùkù yẹ rọ́bà ilé rẹ̀ wò lónìí, kí ó sì rán aládùúgbò rẹ̀ létí.