Ẹ Jẹ́ Ká Tú Ìdì Kan

Òṣogbo

Àbẹ̀ní ọmọ mi,

Lẹ́tà rẹ tẹ̀ mí lọ́wọ́, mo sì kà á lẹ́ẹ̀mejì. O ní ọ̀gá yín ti kéde nínú ìpàdé pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ Yorùbá ní kíláàsì mọ́, pé ọmọ tó bá sọ ọ́ yóò san owó ìtanràn, àti pé àṣẹ ìjọba ni. O wá ń bi mí ohun tí o máa ṣe sí àwọn ọmọ kíláàsì kẹta rẹ, tí wọ́n kàn ń wò ọ́ ranran.

Jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ti ìjọba kúrò nílẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, Túnjí Aláùsá, kéde pé wọ́n ti fagi lé ìlànà ọdún 2022 tó ní kí a fi èdè abínibí kọ́ ọmọ jálẹ̀ ọdún mẹ́fà alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní Gẹ̀ẹ́sì ni kí a máa fi kọ́ni láti ìbẹ̀rẹ̀, nítorí pé àwọn ọmọ ń fìdí rẹmi nínú ìdánwò WAEC, NECO àti JAMB. Ìdí yẹn kò wọ̀ mí létí. Ọmọ tó ṣe WAEC ní 2025 ti wà ní girama kí ìlànà 2022 tó jáde. Báwo ni ìlànà náà ṣe wá ba tirẹ̀ jẹ́? Ó dùn mí pé wọn kò tẹ ìwé tó fún un, wọn kò dá olùkọ́ lẹ́kọ̀ọ́ sí i, wọ́n sì ti ní kò ṣiṣẹ́.

Ṣùgbọ́n mi ò gbọ́ kí mínísítà ní kí a máa gba owó lọ́wọ́ ọmọ. Ọ̀gá yín ló fi ìyẹn kún un. Máa ya ohun tí ìjọba wí sọ́tọ̀ kúrò lára ohun tí ẹ̀rù mú kí àwọn ọ̀gá lẹ̀ mọ́ ọn.

Ní ilé-ìwé tí mo ti kọ́kọ́ ṣe tíṣà, pákó kan wà tí a máa ń gbé kọ́ ọmọ tó bá sọ “fanákúlà”, ìyẹn Yorùbá, lọ́rùn. Èmi náà gbé e kọ́ wọn. Ọmọbìnrin kan wà tí kò la ẹnu sọ ohunkóhun ní kíláàsì mi mọ́ títí tẹ́ẹ̀mù fi parí, kò sọ Yorùbá, kò sọ Gẹ̀ẹ́sì. Mo ṣì ń rí ojú okùn pákó yẹn lọ́rùn rẹ̀.

Ìṣirò ló yí mi lọ́kàn padà. Ká yọ 27 kúrò nínú 52 ni. Mo ti fi Gẹ̀ẹ́sì ṣàlàyé títí pé kí wọ́n yá oókan lọ́wọ́ márùn-ún. Ni ọmọkùnrin kan bá fi Yorùbá bi mí wúyẹ́wúyẹ́ pé, “Ìgbà wo la máa dá a padà, mà?” Ìbéèrè gidi ni. Ta ló ń yá nǹkan tí kì í dá a padà? Mo tú ìgbálẹ̀ kíláàsì, mo di igi rẹ̀ ní mẹ́wàá-mẹ́wàá: ìdì márùn-ún, igi méjì lọ́tọ̀. Mo ní kó mú méje nínú méjì yẹn. Ó wò ó títí. “Kò tó, mà. Ẹ jẹ́ ká tú ìdì kan.” Ó tú u, igi di méjìlá, ó mú méje, ó ku márùn-ún. Ìdì mẹ́rin ló ṣẹ́ kù, ó mú méjì. Kí n tó sọ̀rọ̀, ó ti kọ 25 sílẹ̀. Lọ́jọ́ kejì ni mo kọ́ ọ ní ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè é, kíá ló gbà á, torí ó ti mọ ohun tí ọ̀rọ̀ náà ń wí.

Àwọn tó jù mí lọ ti dán an wò. Ní 1970, Bàbátúndé Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fi Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ní ilé-ìwé St. Stephen's “A” ní Modákẹ́kẹ́ fún odindi ọdún mẹ́fà. Gẹ̀ẹ́sì wọn kò bàjẹ́, wọ́n sì ṣe dáadáa nínú àwọn iṣẹ́ yòókù ju àwọn tí wọ́n yí sí Gẹ̀ẹ́sì ní kíláàsì kẹrin. Ohun táwọn ènìyàn kì í sọ ni pé olùkọ́ tó gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì dunjú ni wọ́n yàn fún Gẹ̀ẹ́sì nìkan, wọ́n sì jókòó kọ ìwé Yorùbá fún àwọn iṣẹ́ tó kù. Fáfúnwá padà di mínísítà ètò ẹ̀kọ́. Síbẹ̀, títí mo fi fẹ̀yìntì, mi ò rí ọ̀kan nínú àwọn ìwé náà ní ilé-ìwé tí mo wà.

Nítorí náà, má bá ọ̀gá rẹ fa ọ̀rọ̀ yìí nínú ìpàdé. Àwọn tó ń bínú sí i tẹ́lẹ̀ yóò sọ ọ́ di tiwọn, ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ yóò sì wọmi. Lọ bá a ní ọ́fíìsì rẹ̀, kúnlẹ̀ kí i, kó ìwé iṣẹ́ àwọn ọmọ dání, jẹ́ kó fojú ara rẹ̀ rí i. Fi Gẹ̀ẹ́sì bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ bí wọ́n ṣe ní kí o ṣe. Níbi tí kò bá ti yé wọn, fi Yorùbá là á, kí o sì padà sí Gẹ̀ẹ́sì. Bí alábẹ̀wò bá dé, ní kó bi àwọn ọmọ léèrè fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n má gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ọmọ kankan. Wí fún ọ̀gá tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀ pé o kò ní gbà á, bó tilẹ̀ máa bínú.

Ti ọmọ Ìgbìrà tí o ní ó ń jókòó lẹ́yìn, Yorùbá rẹ kò ní ṣe é láǹfààní. Jókòó tì í, kí ẹ jọ máa fi ọwọ́ ṣe é, títí yóò fi rí i.

Mo fi ogún ìdì igi ìgbálẹ̀ rán awakọ̀ tó ń bọ̀ lọ́dọ̀ yín ní Ọjọ́rú. Òwú ni mo fi so wọ́n, kó lè rọ àwọn ọmọ lọ́rùn láti tú.

Èmi ni,
Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ