Ẹ Ṣọ́ Ohùn Tó Ń Wọ Etí Oníròyìn

Ẹ̀yin ọmọ mi tó ń kọ́ṣẹ́ rédíò àti tẹlifíṣọ̀n l'Adó-Èkìtì, ẹ fetí sí mi.

Bí oníròyìn bá dúró ní Ọjà Ọba, tó ń bá ilé iṣẹ́ sọ̀rọ̀ lórí afẹ́fẹ́, ariwo ọlọ́jà, ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀ ló yí i ká. Ohun tó ń gbọ́ nínú ẹ̀rọ etí rẹ̀ ló máa fi mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ kàn án.

Nítorí náà, ẹ má fi gbogbo ohùn ètò ránṣẹ́ sí i. Ẹ yọ ohùn tirẹ̀ kúrò níbẹ̀. Ohùn tó bá gba fóònù tàbí sátẹ́láìtì kọjá máa ń pẹ́ kó tó dé. Bí ohùn ẹni bá sì ń padà síni létí lẹ́yìn tí a ti sọ̀rọ̀, ahọ́n á máa kọsẹ̀. Ojú ìjáde ọ̀tọ̀ lára míkísà, tí wọ́n ń pè ní aux, ni kí ẹ lò fún ohùn tí ẹ ń fi ránṣẹ́ sí i.

Nínú wáyà XLR tí ohùn ń gbà kọjá, irin 1 ni ti ilẹ̀. Irin 2 àti 3 ló ń gbé ohùn. Ṣùgbọ́n lára àwọn ẹ̀rọ etí kan, irin 2 tún ń gbé iná. Ẹ ka ìwé ẹ̀rọ kí ẹ tó so ó mọ́ míkísà, kí iná má bàa ba míkísà jẹ́.

Ẹ rẹ ohùn sílẹ̀ pátápátá kí oníròyìn tó fi ẹ̀rọ sétí, kí ẹ wá máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀. Etí tí ariwo bá bà jẹ́ ṣòro láti wò sàn.

Mo bẹ̀ yín, ẹ dán gbogbo rẹ̀ wò kí àkókò ètò tó tó. Ọwọ́ yín ni ẹni tó wà lójú ọjà ń wò.