Ẹ̀KỌ́ ÌLERA: IKỌ́ IFE TÍ KÌ Í WÚKỌ́

 

Gbogbo wa la mọ̀ pé ẹni tó bá ti wúkọ́ fún ọ̀sẹ̀ méjì, kó lọ ṣàyẹ̀wò ikọ́ ife. Ṣùgbọ́n kòkòrò àìsàn yìí, tí Robert Koch ará Jámánì ṣàwárí ní 1882, lè kúrò nínú ẹ̀dọ̀fóró, kó bá ẹ̀jẹ̀ rìn lọ síbòmíràn. Bó bá dé ọrùn, kókó á sọ níbẹ̀, ó sì lè má dunni rárá. Bó bá dé eegun ẹ̀yìn, ó lè di iké, ẹsẹ̀ sì lè rọ. Ó ń dé ikùn, kíndìnrín àti awọ tó bo ọpọlọ pẹ̀lú. Ẹni tó ṣe lè má wúkọ́ rárá.

Ohun tó ń tàn wá jẹ nìyí: àwa tí à ń ru gàrí àti láfún, bí ẹ̀yìn bá ń dùn wá, a ó ní ẹrù ni. Òótọ́ ni, ṣùgbọ́n ìrora ẹrù máa ń rọlẹ̀ téèyàn bá sinmi. Èyí tí kò lọ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, tí ibà alẹ́, òógùn òru àti rírù bá a rìn, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àgbo àti róòbù mọ́. Kókó ọrùn náà, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi abẹ sín in.

Kí la ó ṣe?

1. Ẹ lọ sí ọsibítù. Bí wọn ò bá tiẹ̀ rí nǹkan nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀, ẹ má tìtorí ẹ̀ padà sílé. Ẹ fi ojú ibi tó ń dùn yín hàn wọ́n. Wọ́n lè fi abẹ́rẹ́ fa díẹ̀ nínú kókó, tàbí kí wọ́n ya fọ́tò eegun.

2. Ọ̀fẹ́ loògùn rẹ̀ ní ilé ìwòsàn ìjọba tó ń tọ́jú ikọ́ ife. Oṣù mẹ́fà ni a sábà ń lò ó. Ti eegun àti ti ọpọlọ lè tó ọdún kan. Bí ara bá fúyẹ́, ẹ má dá a dúró.

3. Ẹ má sá fún ẹni tó ń ṣe. Ti ẹ̀dọ̀fóró ló ń gba afẹ́fẹ́ ranni. Ti ọrùn tàbí ẹ̀yìn nìkan kì í sábà ranni. Ẹ bá a ṣọ́ ìsọ̀ rẹ̀ títí yóò fi dé láti ọsibítù.

4. Màlúù náà ń ní irú rẹ̀. Ní 2006, àwọn onímọ̀ ní Ìbàdàn kọ ọ́ jáde pé àwọn rí kòkòrò ti màlúù lára díẹ̀ nínú àwọn aláìsàn ikọ́ ife. Ẹ má mu wàrà tí kò tíì hó lórí iná.

5. Ẹ gba abẹ́rẹ́ BCG fọ́mọ tuntun. Ó ń dáàbò bo ọpọlọ ọmọdé. Igbó-Ọrà nílé ìbejì: bí Táíwò bá gbà á, kí Kẹ́hìndé náà gbà á.

Ọjọ́ ọjà kan téèyàn fi lọ sí ọsibítù, a máa rí i san padà. Ẹsẹ̀ tó bá rọ ńkọ́? Ìlera loògùn ọrọ̀.