Àwọn Tí A Gbàgbé Nínú Ìpínfúnni

Bíbélì kíkà: Ìṣe àwọn Àpọ́sítélì 6:1–7, Rúùtù 2:1–17

Bí inú wa ti ń dùn ní ọjọ́ àjọ̀dún ilé-ẹ̀kọ́ wa yìí, ó yẹ kí a jókòó ti Ìwé Mímọ́ fún ìgbà díẹ̀, kí a bi ara wa léèrè ohun tí ayọ̀ náà ń béèrè lọ́wọ́ wa. Ẹ̀kọ́ wa lónìí dá lórí àwọn ọmọ tí ó yẹ kí wọ́n wà láàárín wa, ṣùgbọ́n tí wọn kò sí níbẹ̀.

Àga tí ó ṣófo

Nígbà tí a wà ní Fọ́ọ̀mù Kẹta, láàárín àwọn ọdún 1970, ọmọkùnrin kan wà tí ó máa ń jókòó níwájú wa. Òun ni ó ń la ìṣirò yé wa ní ìrọ̀lẹ́, lẹ́yìn tí olùkọ́ bá ti lọ sílé. Ọmọ àgbẹ̀ ni, kòkó bàbá rẹ̀ kò sì ṣe dáadáa lọ́dún náà. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan, bí a ti tò fún àdúrà, wọ́n ka orúkọ àwọn tí ó jẹ owó ilé-ìwé sétí gbogbo wa, wọ́n sì ní kí wọ́n máa lọ sílé. Ó kó ìwé rẹ̀, ó dorí kodò, ó lọ. Kò padà wá mọ́.

Àwa tí a ń tọrọ àlàyé lọ́wọ́ rẹ̀ ni a yege ìdánwò, tí a dé ilé-ẹ̀kọ́ àwọn àlùfáà, tí a sì ń kọ ẹ̀kọ́ yìí. Kì í ṣe ọgbọ́n ni a fi jù ú lọ. Owó táámù kan ni. A sì gbọ́dọ̀ jẹ́wọ́ pé a kò béèrè rẹ̀. Àga rẹ̀ ni a gbà, nítorí pé ó sún mọ́ pátákó.

Ilẹ̀kùn tí ó ṣí sílẹ̀ kò tó

Ìjọ àkọ́kọ́ pàápàá gbàgbé àwọn kan. Lúùkù kò fi í pamọ́ fún wa. Bí àwọn ọmọ-ẹ̀yìn ti ń pọ̀ sí i ní Jerúsálẹ́mù, àwọn Júù tí ń sọ èdè Gíríìkì bẹ̀rẹ̀ sí í kùn pé oúnjẹ ojoojúmọ́ kì í kan àwọn opó wọn. Kò sí ibi tí a ti kà pé ẹnikẹ́ni kórìíra àwọn opó náà. Oúnjẹ wà, kò sì sí ẹni tí ó ti ilẹ̀kùn mọ́ wọn. Síbẹ̀ wọ́n ń pa ebi mọ́nú.

Ilẹ̀ wa náà ti kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí. Ní ọjọ́ 17 oṣù kìn-ín-ní ọdún 1955, ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn lábẹ́ Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ ní ilé-ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, gẹ́gẹ́ bí àbá tí Olóyè S. O. Awókòyà, mínísítà ètò ẹ̀kọ́, ti gbé kalẹ̀ ní 1952. Ní 1954, àwọn ọmọ tí ó wà ní ilé-ìwé lé díẹ̀ ní 450,000. Ní 1955, wọ́n ti lé ní 800,000. Ẹ jẹ́ kí a rò ó wò. Àwọn ọmọ wọ̀nyí kò ṣẹ̀ṣẹ̀ di ọlọ́gbọ́n ní oṣù kìn-ín-ní. Wọ́n ti wà lóko àti lọ́jà tipẹ́. Owó ni ó dínà mọ́ wọn.

Ṣùgbọ́n girama ṣì ń gba owó, ibẹ̀ ni ọ̀rẹ́ wa sì ti ṣubú. Oṣù kẹwàá ọdún 1979 ni ìpínlẹ̀ Èkó, Ògùn, Ọ̀yọ́, Oǹdó àti Bendel tó sọ ọ́ di ọ̀fẹ́. Lónìí, òfin ọdún 2004 ní kí ọdún mẹ́sàn-án àkọ́kọ́ jẹ́ ọ̀fẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn, owó ìdánwò WAEC ń dúró de ọmọ tí ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀fọ́, gẹ́gẹ́ bí ó ti ń dúró de ọmọ olówó.

Owó nìkan kọ́ sì ni ó ń dí ọmọ lọ́nà. Ní 1970, Ọ̀jọ̀gbọ́n Babs Fáfúnwá àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Ifẹ̀ bẹ̀rẹ̀ ètò kan ní ilé-ẹ̀kọ́ St. Stephen's, Modákẹ́kẹ́. Èdè Yorùbá ni wọ́n fi kọ́ àwọn ọmọ ní ìṣirò àti sáyẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́fà, wọ́n sì kọ́ wọn ní Gẹ̀ẹ́sì gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ kan lọ́tọ̀. Àwọn ọmọ náà ṣe dáadáa, wọn kò sì rẹ̀yìn nínú Gẹ̀ẹ́sì pàápàá. Mélòó nínú àwọn tí a pè ní olódo ni ó jẹ́ pé ọ̀rọ̀ olùkọ́ ni kò yé wọn? Àwọn opó Jerúsálẹ́mù mọ bí ó ti ń rí láti jẹ́ elédè mìíràn níbi tí a ti ń pín nǹkan.

Ohun mẹ́ta tí àwọn àpọ́sítélì ṣe

Èkíní, wọ́n gbọ́ ẹ̀sùn láìbínú. Wọn kò sọ pé aláìmoore ni àwọn tí ń kùn. Bí olùkọ́ bá wí fún wa pé ọmọ mẹ́ta kò wá láti ọ̀sẹ̀ méjì, kí a má ṣe rò pé ó ń ba orúkọ ilé-ẹ̀kọ́ jẹ́.

Èkejì, wọn kò fi ọ̀rọ̀ náà mọ sí àánú. Wọ́n ṣe ètò. Òfin Mósè pẹ̀lú ti pàṣẹ pé kí àgbẹ̀ má ṣe kórè dé igun oko rẹ̀, kí ó lè kù fún tálákà àti àlejò (Léfítíkù 19:9–10). Bóásì tún ṣe jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní kí àwọn olùkórè mọ̀ọ́mọ̀ fa díẹ̀ sílẹ̀ fún Rúùtù, kí wọ́n má sì dójú tì í. Ọ̀nà tí a fi ń fúnni náà jẹ́ ara ẹ̀bùn. Kí a má ṣe to àwọn ọmọ sórí ìlà láti ya fọ́tò nítorí pé a san owó ìdánwò wọn.

Ẹ̀kẹta, wọ́n fi iṣẹ́ náà lé àwọn tí ó mọ ibi tí bàtà ti ń ta lọ́wọ́. Ẹ wo orúkọ àwọn méje náà láti Stéfánù dé Níkóláù: orúkọ Gíríìkì ni gbogbo wọn. Ó jọ pé láti ọ̀dọ̀ àwọn tí a gbàgbé ni a ti yàn wọ́n. Nínú ìgbìmọ̀ owó ìrànlọ́wọ́ wa, ó yẹ kí a rí ẹni tí a ti lé lọ sílé rí nítorí owó, kí a sì rí ìyá kan láti inú ọjà.

Àwọn kan yóò wí pé ìka kò dọ́gba. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n láìsí àtàǹpàkò tí ó kúrú, ọwọ́ kò lè di òkèlè mú.

Ẹgbẹ́ wa ń pète géètì tuntun fún àjọ̀dún yìí, a kò sì takò ó. Ohun tí a ń bẹ̀bẹ̀ fún ni pé kí a fi igun oko sílẹ̀ nínú owó géètì náà. Ọmọ tí a kò kọ́ ni yóò gbé ilé tí a kọ́ tà. Géètì kò sì ní dá a dúró.

Ọ̀rẹ́ wa, bí ó bá wà láàyè, ti di àgbàlagbà bíi tiwa. A kò lè dá àga rẹ̀ padà fún un. Ṣùgbọ́n ọmọ tí owó yóò lé lọ ní táámù tí ń bọ̀ ṣì wà ní kíláàsì lónìí.

Ìbéèrè fún ìjíròrò

1. Ta ni ó san owó ilé-ìwé wa, kí ni ó sì fi du ara rẹ̀?
2. Ǹjẹ́ ọmọ kan wà ní àdúgbò wa tí kò lọ sí ilé-ìwé mọ́? Kí ni ó dínà mọ́ ọn?
3. Kí ni igun oko tiwa lọ́dún yìí?

Àdúrà: Olúwa, ìwọ tí o rí Hágárì nínú aginjù, la ojú wa kí a lè rí ọmọ tí ń kó ìwé rẹ̀ lọ sílé. Má ṣe jẹ́ kí a tún gba àga rẹ̀ láìbéèrè rẹ̀. Ní orúkọ Jésù. Àmín.