Ẹ̀KỌ́ FÚN ÒBÍ ÀTI OLÙKỌ́: ỌGỌ́RÙN-ÚN OWÓ WÚRÀ

Ẹ̀yin òbí àti ẹ̀yin olùkọ́, kí ni ó yẹ kí a ṣe nígbà tí ọmọ bá mú èrò kan wá síwájú wa, tí èrò náà sì dàbí àlá lásán? Ẹ jẹ́ kí a fi sinimá National Velvet, tí a ṣe ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1944, ro ọ̀ràn yìí. Láti inú ìwé tí Enid Bagnold kọ ní 1935 ni a ti mú ìtàn rẹ̀. Elizabeth Taylor, tí ó jẹ́ ọmọ ọdún 12 nígbà tí sinimá náà jáde, ni ó ṣe Velvet Brown.

ÌTÀN NÁÀ

Ọmọ alápatà ni Velvet, ní abúlé kan ní ìhà gúúsù Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ó fẹ́ràn ẹṣin púpọ̀púpọ̀. Nígbà tí wọ́n ta tíkẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì dìbò lórí ẹṣin olóríkunkun kan, ìbò mú Velvet. Ó sọ ẹṣin náà ní Pie. Nígbà tí ó rí bí ó ti ń fò, ó pinnu pé Pie yóò sá eré ìje Grand National ní Aintree, lẹ́bàá Liverpool, níbi tí ẹṣin ń fo ìdènà 30. Ṣùgbọ́n níbo ni a ó ti rí owó ìforúkọsílẹ̀? Ìyá rẹ̀ ni ó mú 100 owó wúrà jáde fún un.

Ẹ̀KỌ́ KÌÍNÍ: Ìyá náà rántí ìgbà èwe rẹ̀. Òun náà ti lúwẹ̀ẹ́ kọjá òkun tí ó wà láàárín Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti ilẹ̀ Faransé rí. Ẹ̀bùn ìṣẹ́gun rẹ̀ ni owó wúrà náà. Ó ti pa á mọ́ fún ọdún púpọ̀. Ọwọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè.

Ẹ̀KỌ́ KEJÌ: Kò ṣe ìlérí pé Velvet yóò borí. Ó kọ́ ọ pé ohun gbogbo ní àkókò tirẹ̀. Bí a borí, bí a kò borí, a ó fi í sílẹ̀, a ó sì tẹ̀ síwájú.

Ẹ̀KỌ́ KẸTA: Ewu wà níbẹ̀. Mi Taylor, tí ó bá Velvet kọ́ ẹṣin náà, ti ń gun ẹṣin ìje rí. Jàm̀bá kan ṣẹlẹ̀ nínú eré ìje, ẹnìkan kú, ẹ̀rù sì dè é láti ìgbà náà. Nítorí náà a kò wí pé kí òbí ti ọmọ sínú ewu. Owó ìforúkọsílẹ̀ ẹṣin ni ìyá fi sílẹ̀. Nígbà tí ìje kù sí dẹ̀dẹ̀ ni Velvet pinnu láti gùn ún fúnra rẹ̀. Ó gé irun rẹ̀, ó sì wọ aṣọ ọkùnrin, nítorí a kò gba obìnrin láyè. Òun ni ó ṣáájú gbogbo wọn dé òpin, ṣùgbọ́n ó ṣubú kúrò lórí ẹṣin kí ó tó dé ibi tí òfin yàn, wọ́n sì gba ẹ̀bùn náà lọ́wọ́ rẹ̀. Nígbà tí àwọn ẹlòmíràn fi owó ńlá lọ̀ ọ́ pé kí òun àti Pie wá ṣe sinimá, ó kọ̀ nítorí ẹṣin rẹ̀, ó sì padà sí ilé. Ẹ̀kọ́ ìyá rẹ̀ ti wọ̀ ọ́ lára.

Ohun tí Velvet ṣe ní ìkọ̀kọ̀ ti di ohun gbangba. Lẹ́yìn òfin ọdún 1975 tí ó lòdì sí yíya obìnrin sọ́tọ̀ lẹ́nu iṣẹ́, Charlotte Brew ni obìnrin àkọ́kọ́ tí ó gun ẹṣin nínú Grand National, ní 1977. Ní 2021, Rachael Blackmore gun Minella Times, ó sì di obìnrin àkọ́kọ́ tí ó borí níbẹ̀.

ÌBÉÈRÈ

1. Èrò ọmọ wo ni a ti fi ẹ̀rín pa nínú ilé tàbí ní kíláàsì wa?
2. Báwo ni a ó ṣe ran ọmọ lọ́wọ́ láìṣe ìlérí èké fún un?
3. Kí ni àwa náà pa mọ́ láti ìgbà èwe wa, tí ó lè ṣí ọ̀nà fún ẹlòmíràn?